Ọ̀rọ̀ Ojúde àti Ọ̀rọ̀ Ọjà: Bí Ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì Ṣe Tàn Láàárín Ará Ìlú Abẹ́òkúta, 1839–1867

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn tí a ń kọ́ ní kíláàsì, orúkọ Henry Townsend ni ó máa ń ṣíwájú bí ọ̀rọ̀ bá kan bí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ṣe dé Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni pé Townsend wọ ìlú náà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1843, tí Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ti fo orí àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn kan ti wà nínú ìlú tí wọ́n ń gbé ẹ̀sìn yìí káàkiri nínú òwò àti iṣẹ́ òòjọ́ wọn kí ajíhìnrere kankan tó débẹ̀.

Àwọn Sàró ni wọ́n. Ọmọ Yorùbá ni àwọn wọ̀nyí, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì sọ̀ wọ́n sílẹ̀ ní Freetown. Láti 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé, púpọ̀ nínú wọn sì forí lé Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ní 1830. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Kò sí ìjọ tó rán wọn níṣẹ́ ìwàásù. Síbẹ̀, nínú ìlú tó ń fi ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ka ọjọ́ ọjà, ẹni tó bá ń sinmi ní ọjọ́ keje keje kò lè ṣàì ṣàlàyé ara rẹ̀ fún aládùúgbò. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwàásù àkọ́kọ́. Àwọn Sàró yìí kan náà ni wọ́n sì bèèrè fún olùkọ́. Ní 1841, James Ferguson tó wà ní Badagry kọ̀wé sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown pé kí wọ́n rán oníwàásù wá, èyí sì wà lára ohun tó gbé Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, dé Abẹ́òkúta ní oṣù Ọ̀pẹ 1842, ṣáájú Townsend.

Kì í ṣe inú òfìfo ni ọ̀rọ̀ tuntun yìí bọ́ sí. Àwọn Mùsùlùmí ti ń wàásù ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́, èdè àwọn Kìrìsìtẹ́nì fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Àdúrà, wàásù, àlùfáà àti kèfèrí, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ìjọ ti yá gbogbo wọn. Bí oníwàásù bá dúró ní ojúde baálé, ará ìlú ti mọ irú iṣẹ́ tó bá wá.

Àwọn àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ CMS ń fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn onímọ̀ bíi J. F. Ade Ajayi àti J. D. Y. Peel fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ohun tó hàn nínú wọn ni pé ìwàásù ìgboro kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Àríyànjiyàn ni. Wọ́n á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóyè tàbí lábẹ́ igi ọjà. Babaláwo á fèsì. Ẹlòmíràn á bèèrè bóyá Ọlọ́run tuntun yìí ń fúnni ní ọmọ, owó àti àìkú. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí ohun tí ará ìlú ń wá lọ́dọ̀ òrìṣà nìyẹn. Oníwàásù tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láìgbọ́ èdè yéra pẹ̀lú wọn, kò sí bí àríyànjiyàn náà ṣe lè wáyé, ìdí sì nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Yorùbá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ kì í yá. Àpẹẹrẹ tí ó yanilẹ́nu jù lọ ni ti ìyá Samuel Ajayi Crowther, Àfàlà. Láti 1821 tí wọ́n ti kó ẹrú ní Òṣogùn ni ìyá àti ọmọ ti pínyà. Ní oṣù Ògún 1846, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n tún fojú kan ara wọn. Síbẹ̀, oṣù Èrèlé 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi, tó gba orúkọ Hannah. Bí ọdún kan àti ààbọ̀ ló gbà, fún ìyá oníwàásù fúnra rẹ̀!

Ẹni tó bá sì gbà kò ṣàì san owó rẹ̀. Ìrúbọ ìdílé, ìsìnkú àti ẹgbẹ́ Ògbóni jẹ́ okùn tó so ará ilé pọ̀. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú wọn ti já okùn náà. Ní 1849, wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ kan, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì dè wọ́n.

Ìdánwò tó ga jù dé ní ọjọ́ 13, oṣù Ọ̀wàrà, 1867, nígbà Ìfọ́lé. Wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti 1859 jẹ́, àwọn òyìnbó sì kúrò nílùú. Àwọn onígbàgbọ́ kan bá wọn lọ sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀ dó sí Ẹ̀bùté-Mẹ́tta. Àwọn tó kù kò tú ká. Wọ́n ṣì ń pàdé ní Abẹ́òkúta láìsí òyìnbó kankan láàárín wọn, àwọn olùkọ́ àti àlùfáà ọmọ Yorùbá sì ni wọ́n ń darí wọn.