Ìpànìyàn

Bí ìjà bá gba ẹ̀mí ẹnìkan ní Ọ̀fà Garage n'Ílọrin, "apànìyàn" ni gbogbo èrò ibẹ̀ yóò pe ẹni tó lù ú. Òfin kì í yára bẹ́ẹ̀. Nínú òfin àbáláyé Gẹ̀ẹ́sì, èrò ibi tó wà lọ́kàn kí ikú tó dé ló ń sọ ọ́ di ìpànìyàn. Ní ti Ìpínlẹ̀ Kwara tí Ìlọrin wà, Penal Code (ìwé òfin ìwà ọ̀daràn) ti 1960 ló jogún. Abala 221 rẹ̀ dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tó fẹ́ kí ẹnìkejì kú, tàbí tó mọ̀ pé àfàìmọ̀ kí ìwà òun má pa á. Bí wọ́n bá ṣàdédé mú un bínú rékọjá ìfaradà, abala 222 lè yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú. Ẹ̀wọ̀n ló kàn, ó lè jẹ́ gbére. Nítorí náà, ẹ̀yin ará gáréèjì, ẹ fa afurasí, ìbáà ṣe olè, lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tó dáná sun olè, ìpànìyàn ló ṣe.