Kí Rọ́bà Tó Dé La Ti Ń Tẹ Àmì: Ìtàn Òǹtẹ̀ àti Táàgì láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ wo ara àpò ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín níbi ìkómọ tàbí ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóde òní. Ẹ ó rí páálí pélébé kan tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọn, tí orúkọ olóde wà lára rẹ̀. Táàgì ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan máa ń gbé tiwọn fún onítẹ̀wé. Àwọn mìíràn, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú wọn, ń ṣe é fúnra wọn: wọ́n á gé páálí, wọ́n á gbẹ́ àwòrán sára ìrésà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, wọ́n á fi tàdáwà pa á lójú, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, YouTube ni wọn yóò dárúkọ.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n YouTube kọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí táàgì ń ṣe ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí bébà tó dé: ó ń sọ̀rọ̀ dípò ẹni tí kò sí níbẹ̀. Òǹtẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ náà, ìtàn ọ̀hún sì le díẹ̀, nítorí ó fọwọ́ kan àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ náà

Ọ̀rọ̀ ìṣe "tẹ̀" ló bí òǹtẹ̀. Òun náà ló wà nínú ìtẹ̀wé àti òǹtẹ̀wé. Kí òǹtẹ̀wé kankan tó dé ilẹ̀ wa, babaláwo ti ń tẹ Ifá. Yóò da ìyẹ̀rosùn sójú ọpọ́n, yóò gbá ikin. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ìka tẹ àmì méjì, bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ẹyọ kan. Ọ̀nà yìí ni Odù 256 ń gbà hàn. Ẹni tí kò kọ́ Ifá yóò wo ojú ọpọ́n náà, yóò rí ilà lásán. Ẹni tó kọ́ ọ yóò rí Ogbè tàbí Ọ̀yẹ̀kú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ Ifá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sídìí rẹ̀: àmì kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn tó ti jọ gbà lórí ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún.

Táàgì tí kò ní bébà

Ìyá kan kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko, kò sì rí ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ. Kí ló máa ṣe? Yóò so àkísà mọ́ ọn, tàbí ìgbálẹ̀ tó ti gbó, tàbí ìkarawun ìgbín, tàbí ṣúkù àgbàdo. Ó ti pa ààlè sí i nìyẹn. Ohun tó so mọ́ ọn kò tó nǹkan, ọmọdé lè já a dànù. Síbẹ̀ ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ pé igi náà ní olúwa, àti pé bí òun bá mú un, ayé òun lè dà bí àkísà tàbí ìgbálẹ̀ ògbólógbòó yẹn. David Doris, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, kọ odidi ìwé kan lórí ààlè, Vigilant Things, tó jáde ní 2011.

Ààlè ń kìlọ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀. Ẹni tí a mọ̀ ni a ń fi àrokò ránṣẹ́ sí. Charles Andrew Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó ṣiṣẹ́ ní Badagry àti Èkó, kọ àkọsílẹ̀ lórí àrokò fún àwọn onímọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Owó ẹyọ, òwú, ìyẹ́ àti awọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì ní ìkojúsíra, ìfẹ́ ni, ẹni tó fi ránṣẹ́ fẹ́ fojú kan ẹ. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ìkẹ̀yìnsíra, àárín ti dàrú. Owó ẹyọ mẹ́fà dúró fún "fà": ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ dúró fún "jọ": ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹ ò rí i pé eré ọ̀rọ̀ ló gbé e ró? Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó náà tán, kó má mọ ohun tó ń wí.

Nítorí náà, bí a bá ní kí a wá ìyá táàgì rí nílẹ̀ wa, a ó bá méjì: ààlè tó ń ṣọ́ ẹrù, àti àrokò tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìjà láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Bébà àti rọ́bà wọlé

Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní December 3, 1859. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1898, Dókítà George Green sì dé ní 1907 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn bá wà, ẹ mọ̀ pé káàdì, rìsíìtì àti ìwé ẹ̀rí kò ní jìnnà síbẹ̀.

Òǹtẹ̀ rọ́bà kò pẹ́ tó bébà. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po oje igi rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kò ní máa yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní máa le gbagidi nínú òtútù. Láàárín 1860 sí 1870 ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ṣe òǹtẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń ṣe ìdí eyín àtọwọ́dá ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn lò láti fi se é.

Ilẹ̀ Yorùbá náà kópa nínú ọ̀ràn rọ́bà yìí. Láti 1894 ni àwọn èèyàn ti ń ya wọ inú igbó láti gba oje igi rọ́bà. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 2 kílò. Kí ọdún 1900 tó dé, ọ̀pọ̀ igi náà ti kú, nítorí wọ́n sá wọn ní àṣejù. Èrè ọdún díẹ̀, àdánù igbó odindi. Ìjọba amúnisìn ní tirẹ̀ wá fi òǹtẹ̀ jọba ní ọ́fíìsì: ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀, kò tíì di ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti sáré kíáránsì rí, tó gbé fọ́ọ̀mù láti yàrá kan dé òmíràn, kò nílò àlàyé lórí èyí.

Gánà: àmì igbá àti òǹtẹ̀ ìjọba

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho lọ tẹ̀dó sí Góòlù Kóòsì, tó di Gánà ní 1957. Wọ́n kún ọjà apá àríwá ibẹ̀, bíi Tamale. Yorùbá sì wà ní Kumasi pẹ̀lú. J. S. Eades tó ṣe ìwádìí lórí wọn fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ Strangers and Traders, tó jáde ní 1993.

Nítòsí Kumasi ni Ntonso wà, ìlú àwọn tó ń tẹ aṣọ adinkra. Àfọ́kù igbá ni wọ́n ń gbẹ́ àmì sí, wọ́n á so igi tín-ín-rín mọ́ ọn lẹ́yìn kí ọwọ́ lè rí i dì mú. Wọ́n á se èèpo igi títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú tí yóò sì ki. Wọ́n á fi ohun tó dà bí ìyarun fa ilà sára aṣọ kó lè pín sí ojúlé ojúlé, wọ́n á wá máa tẹ àmì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ àti òwe tó tẹ̀ lé e. Èyí tí Bowdich mú kúrò ní Kumasi ní 1817 ṣì wà ní British Museum. Ẹni tó bá mọ àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ yóò rí i pé ìbátan ni iṣẹ́ méjèèjì: igbá kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Ní Ọ̀yọ́, igbá fínfín fúnra rẹ̀ ni ọjà. Ní Ntonso, igbá ni ẹnu tí a fi ń bá aṣọ sọ̀rọ̀.

Ní November 18, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ náà wà nínú wọn, àwọn tó ti fi ogún ọdún tajà níbẹ̀ wà nínú wọn. Àwọn aládùúgbò mọ̀ wọ́n, àwọn oníbàárà mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mímọ̀ kọ́ ni òfin bèèrè. Bébà tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí ló bèèrè. Ọ̀pọ̀ ta ẹrù wọn lọ́pọ̀, wọ́n sì padà sí ilé tí àwọn ọmọ wọn kò tíì rí rí. Títí di òní, ẹ ó pàdé àwọn àgbàlagbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbọ́ Twi, tí wọ́n sì ń ka ìgbà láti ọdún tí wọ́n dé láti Gánà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àmì méjì nìyẹn. Àmì àfọ́kù igbá lágbára nítorí pé gbogbo ìlú mọ òwe rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lágbára nítorí pé ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà

Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa kò fi àmì títẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì nìkan. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ń gé àwòrán sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn obìnrin á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún pa ojú rẹ̀, kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n fi àwòrán òun àti Ayaba Mary ṣe adìrẹ tí wọ́n pè ní Olọ́ba. Ní Òṣogbo, nígbà tí Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní ilé Dúró Ládiípọ̀ ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ bíi Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ linoleum, tí a ń fi tàdáwà sí i, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ sí bébà. Lónìí, fóòmù tìmùtìmù ni àwọn aládìrẹ ń gé ní àwòrán, tí wọ́n ń rì bọ inú àbẹ́là gbígbóná, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìyẹn kò jìnnà rárá sí ìrésà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì.

Táàgì tiwa

Kí wá ni ìtàn yìí fẹ́ kí a ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a rántí pé òǹtẹ̀ a máa yí nǹkan padà bíi dígí. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ yín sórí bébà, ẹ da ojú rẹ̀ bo ìrésà, ẹ fi èékánná ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yóò yí fúnra rẹ̀, ẹ ó wá gbẹ́ ibi tí kò sí pẹ́ńsù kúrò. Bí tàdáwà bá pọ̀ jù, ojú àmì yóò dí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ sí i.

Èkejì ló kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Òǹtẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń tà lọ́jà, A dé Z ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, ká má tíì sọ àmì ohùn. Bí ẹ bá fi tẹ "Ọpẹ́" sára táàgì, "OPE" ni yóò jáde, olùgbàlejò kan sì lè kà á sí ọ̀pẹ, òmíràn lè kà á sí òpè! Ọ̀ràn yìí ti dàgbà: ní 1875 ni àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Òǹtẹ̀ tí a bá fọwọ́ gbẹ́ ni kò ní gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ mọ́ ọn, ẹ gbẹ́ àmì òkè mọ́ ọn.

Èkẹta: ẹ má ṣe jẹ́ kí táàgì yín dà bí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, tó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ayé. Ẹ ṣe é bí àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a gbẹ́ sára ìrésà, tí a tẹ̀ sórí páálí, tó sọ iye ọ̀rọ̀ tí "Thank you" kò lè sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò béèrè, ẹ ó sì ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ó bá tún fún ẹlòmíràn ní ẹ̀bùn, òun náà yóò ti mọ ìdí tó fi jẹ́ mẹ́fà.