Ìtàn Ilẹ̀ Ilé: Láti Orí Àpáàdì Ifẹ̀ dé Orí Pákó Ìrókò

Nígbà tí a bá ń pìtàn ilé àwọn baba wa, ògiri àti òrùlé ni a sábà máa ń dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Erùpẹ̀ ni ilẹ̀ ilé púpọ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá. A ó lù ú títí yóò fi le, àwọn obìnrin a sì fi ìgbẹ́ màlúù pa á kí ó lè dán.

Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìkirè àti Àpòmù, iṣẹ́ tí ó ga jù èyí lọ wà. Àpáàdì ni nwọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà: nwọ́n fi etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọlẹ̀, nwọ́n sì tò wọ́n ní dídagun sí ara wọn, bí ẹni hun ẹní. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwóò, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, li ó pàṣẹ rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má bà a li áṣọ jẹ́. Nígbà tí Frank Willett wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, láti ọdún 1957 lọ, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó hú jáde.

Igi ni àwọn òyìnbó fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ààfin Versailles, ní ilẹ̀ Faransé, li ọdún 1684, nwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi pákó alápá kéékèèké rọ́pò òkúta mábù, nítorí omi tí a fi ń fọ òkúta náà ń mú igi abẹ́ rẹ̀ jẹrà. Kí a sì rántí pé pákó firi ni Sólómọ́nì fi tẹ́ ilẹ̀ Tẹ́ḿpìlì (I Àwọn Ọba 6:15).

Lọ́dọ̀ tiwa, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì li ó sọ pákó di ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Èyí tí C.M.S. parí ní Bàdágírì li ọdún 1845, nígbà Gollmer, ni a kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé kọ́ irú rẹ̀ sí Èkó. Owó kòkó sì gbé e dé ìgbèríko. Ìrókò àti àpá ni igi tí a fẹ́ jù, nítorí ikán kì í tètè rí wọn jẹ.

Lónìí ìrókò ti wọ́n nínú igbó, sìmẹ́ńtì àti táìlì sì ti gba ipò pákó. Síbẹ̀, bí a bá wó pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, a máa ń fi pákó rẹ̀ dáná. Àdánù ńlá ni èyí. Ẹ yọ ìṣó rẹ̀, ẹ fi ìfági fá a, ẹ rẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tò ó bí ẹní sórí sìmẹ́ńtì tí ó ti gbẹ dáradára. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ li ẹ̀bá ògiri, nítorí igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Ìda oyin ni kí ẹ fi dán an. Ẹ má ṣe da omi sí i.

Ìkòkò tí ó fọ́ ni àpáàdì, bẹ́ẹ̀ ni a fi tẹ́ àgbàlá ọba. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ìrókò àwọn baba wa di eérú.