Odò Méjì, Kẹ̀kẹ́ Kan: Ohun tí Àfonífojì Ilẹ̀ Faransé Kọ́ Mi Nípa Ìtàn

Ìtàn kì í gbé inú ìwé nìkan. Ó wà lára òkúta, ó wà létí odò, ó sì wà nínú orúkọ tí àwọn ènìyàn fún ìlú wọn. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, odò méjì wà tí à ń pè ní Vézère àti Dordogne. Vézère ni àbúrò. Ní abúlé Limeuil ni ó ti ń ya wọ inú Dordogne. Dordogne náà á wá máa ṣàn lọ títí yóò fi pàdé odò Garonne nítòsí ìlú Bordeaux, tí wọn yóò jọ wọ inú òkun. Ọjọ́ márùn-ún ni èmi àti àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré, fi gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò méjèèjì. Bàbá Kékeré ti ń gbé ní Bordeaux tipẹ́. Èmi sì ń kọ́ èdè Faransé ní ilé-ìwé. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé àwọn ará àfonífojì yìí mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìtàn, ṣùgbọ́n pé ìtọ́jú nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ sọ ìtàn náà tán pẹ̀lú.

Ẹnì kan lè béèrè pé, èé ṣe tó fi jẹ́ kẹ̀kẹ́? Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìtàn ní ilẹ̀ Faransé. Láàárín ọdún 1860 sí 1870 ni Pierre Michaux àti àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní Paris. Ní 1903, eré ìje Tour de France bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1936 ni kẹ̀kẹ́ di ẹṣin mẹ̀kúnnù. Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, ìjọba Léon Blum ṣòfin pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọọdún láìgé owó wọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò rí ìlú mìíràn rí di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì lọ fojú ara wọn rí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tiwọn. Títí dòní, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pọ̀ lágbègbè náà. Láàárín ìlú Sarlat àti abúlé Cazoulès, ojú irin àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Mọ́tò a máa yára kọjá lára ohun tó yẹ kí a rí. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní láti wo ọ̀nà, kò sì ní ṣàìrí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ìlú Montignac, létí odò Vézère, ni a ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ti rí ihò àpáta Lascaux ní ọjọ́ 12 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1940. Orúkọ wọn ni Marcel Ravidat, Jacques Marsal, Georges Agniel àti Simon Coencas. Marcel, tí ó dàgbà jù, kò ju ọmọ ọdún 18 lọ. Ẹ rántí pé ní oṣù Òkúdù ọdún kan náà ni Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé. Inú ìbànújẹ́ ogun yẹn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gba ojú ihò tóóró wọlé, tí wọ́n gbé fìtílà sókè, tí wọ́n sì rí màlúù, ẹṣin àti àgbọ̀nrín tí ẹnìkan ti yà sára àpáta ní ohun tó lé ní ọdún 17,000 sẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Wọn kò fi orúkọ ara wọn há ara ògiri, wọn kò sì bu èérún rẹ̀ tà. Wọ́n lọ sọ fún Léon Laval, olùkọ́ wọn àtijọ́, òun náà sì ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀. Marsal pa àgọ́ sẹ́nu ihò náà láti máa ṣọ́ ọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi gba Lascaux là. Ogun kò sì yọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Júù ni Coencas. Àwọn òbí rẹ̀ kú sí àgọ́ ikú Auschwitz.

Lẹ́yìn ogun, ní 1948, wọ́n ṣí ihò náà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn àlejò ju 1,000 lọ lójoojúmọ́ nígbà tó yá. Èémí ẹnu wọn àti ooru ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwòrán náà jẹ́: ewédò hù sára ògiri, àwọ̀ àwòrán sì ń ṣá. Ní 1963, André Malraux, mínísítà fún ọ̀rọ̀ àṣà, pàṣẹ pé kí wọ́n tì í pa. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan tí wọ́n ṣí ní 1983, wọ́n sì ṣí òmíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìparí 2016. Ẹ̀dà yìí ni àwa rí. Mo bi Bàbá Kékeré léèrè bóyá kò dùn wọ́n pé a kò rí ojúlówó. Wọ́n ní, “Bí gbogbo wa bá ní kí a rí i lónìí, kí ni ọmọ tìrẹ yóò rí lọ́la?” Mi ò lésì.

Láti ibẹ̀ a gba etí odò lọ sí Les Eyzies, níbi tí wọ́n ti hú egungun àwọn ará Cro-Magnon ní 1868. A kọjá La Roque-Saint-Christophe, ògiri àpáta tó ga tó mítà 80, tí àwọn ènìyàn fi ṣe ilé ní ìpele-ìpele.

Nígbà tí a dé odò Dordogne, ìtàn yí padà di ti ogun. Ilé olódi Beynac wà lókè ní bèbè kan, ti Castelnaud sì kọjú sí i láti bèbè kejì. Nígbà Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1337, ọba Faransé ni Beynac ń sìn. Castelnaud sì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Odò ni ààlà. Àgbẹ̀ tó ń gbin ọkà láàárín wọn ló ń jìyà, nítorí bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a. Etí odò Dordogne yìí kan náà ni ogun ọ̀hún ti parí, ní Castillon, ní ọjọ́ 17 oṣù Agẹmọ ọdún 1453.

Ní ìlú Sarlat, a dúró níwájú ilé tí wọ́n bí Étienne de La Boétie sí ní 1530. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó kọ ìwé kan tí ó fi béèrè ìdí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ń tẹrí ba fún aninilára kan ṣoṣo. Èrò rẹ̀ ni pé agbára aninilára kò ju èyí tí àwọn ènìyàn fún un lọ. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ilé aláwọ̀ oyin tó yí i ká ìbá ti wó, bí kì í bá ṣe òfin tí Malraux gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Ògún ọdún 1962. Òfin náà ní kí wọ́n tún àdúgbò àtijọ́ ṣe lódindi, dípò kí wọ́n dá ilé ńlá kan sí kí wọ́n sì wó ìyókù. Sarlat wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́ tó jàǹfààní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní La Roque-Gageac, abúlé kan tó fẹ̀yìn ti àpáta, ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní gabarre ń gbé àlejò kiri. Láyé àtijọ́, igi tí wọ́n fi ń kan àgbá wáìnì àti wáìnì fúnra rẹ̀ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó lọ sísàlẹ̀ odò. Bordeaux ni òpin ọjà náà. Láti Bordeaux, wáìnì àti ìyẹ̀fun ń sọdá òkun lọ sí Saint-Domingue, tí à ń pè ní Haiti lónìí, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ṣe ṣúgà. Àwọn oníṣòwò Bordeaux tún rán ọkọ̀ wá sí etíkun Áfíríkà láti ra ènìyàn. Àwọn tí ọkọ̀ wọn kó ju 100,000 lọ. Àwọn ọkọ̀ Faransé nígbà náà ń ná ọjà ẹrú ní Ouidah àti Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Fún ọdún pípẹ́, Bordeaux kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí sókè. Ní 2009 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d’Aquitaine ṣí yàrá tó ń sọ ìtàn òwò ẹrú ìlú náà. Ní 2019, wọ́n gbé ère obìnrin kan, Modeste Testas, sí etí odò. Ọmọ Áfíríkà ni, àwọn oníṣòwò Bordeaux méjì ló rà á.

Nítorí náà ni ilé olódi Milandes, tí kò jìnnà sí Castelnaud, ṣe wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Josephine Baker, olórin aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1906, ló gbé ibẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi àwọn tí Jámánì ń wá pamọ́ síbẹ̀, ó sì ń fi ìwé orin gbé ọ̀rọ̀ àṣírí kọjá. Ó ra ilé náà ní 1947, ó sì gba ọmọ méjìlá tọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan ọ̀kan láti Ivory Coast. Gbèsè mú un, wọ́n sì lé e jáde ní 1969. Ní oṣù Bélú ọdún 2021, ìjọba Faransé fi orúkọ rẹ̀ sínú Panthéon, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn ẹni ńlá wọn. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n odò ní orísun, ó sì ní ẹnu. Ó rọrùn láti fi Lascaux yangàn, torí pé orísun ni. Ó ṣòro díẹ̀ láti tẹ̀lé omi náà dé Bordeaux kí a sì ka iye àwọn tí a kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ odò gbọ́dọ̀ rìn ín dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ìlú, ìbáà jẹ́ tiwọn, ìbáà jẹ́ tiwa: kí a tọ́jú ohun tó lẹ́wà níbẹ̀, kí a má sì fi ohun tó korò pamọ́ fún ọmọ.