Ìbọn Orí Àjà: Ìfipamọ́ Kì Í Ṣe Ìtìpa

Àwọn baba wa máa ń sọ pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn sí òun?" Apátí ni irin ara ìbọn tó máa ń já lulẹ̀ kí iná tó ṣẹ́. Ìbọn tí kò ní apátí kò lè dún, síbẹ̀ kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa dúró níwájú rẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìlò ìbọn káàkiri ayé lónìí: má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ pa, kódà kó dá ọ lójú pé nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀. Jeff Cooper, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú ní 2006, ló sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ mẹ́rin di olókìkí. Àwa ti fi tiwa sínú òwe.

Àmọ́ òwe yẹn ò sọ ibi tó yẹ kí ìbọn wà tí ọdẹ bá délé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ó sì ní ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Fìdítì. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ rí á mọ Fìdítì mọ́ ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú àgbẹ̀ ò sì lè ṣàì ní ọdẹ, torí ọ̀yà àti ọ̀bọ ò mọ̀ pé oko olóko ni. Àmọ́ agbègbè yìí ti mọ ogun kó tó mọ ọsàn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, Ìbàdàn sì di ìlú àwọn jagunjagun. Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti Akinmọ̀ọ́rìn bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

Ìbọn ti wọ ilẹ̀ Yorùbá kó tó dìgbà yẹn. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830, àwọn Ìjẹ̀bú ló ní ìbọn, torí àwọn ló sún mọ́ etí òkun. Idà ni àwọn ará Òwu gbójú lé. Nígbà tí Àtìbà wàjà, Kúrunmí tó jẹ́ olórí Ìjàyè kọ̀ láti gbà kí Adélù, ọmọ Àtìbà, jọba. Bí ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní 1860 nìyẹn. Nígbà yẹn, ìbọn ti di ohun tí ọmọ ogun lásán ń gbé léjìká. Ogun náà parí ní 1862, Ìjàyè sì run.

Tí ogun bá wá parí, ibo ni ìbọn ń lọ? Ilé ló ń lọ. Kò sí bárékè níbì kankan. Jagunjagun àná ni àgbẹ̀ òní, àgbẹ̀ ọ̀sán ni ọdẹ òru. Ara ògiri iyàrá ni ìbọn ń sùn sí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbọn yẹn ni ṣakabùlà, òyìnbó sì wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe àdéhùn kan ní Brussels pé kí wọ́n má ta ìbọn ìgbàlódé káàkiri Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta tí wọ́n ń kì láti ẹnu, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán, ni wọ́n yọ̀ǹda fún títà. Kódà wọ́n ní kí ìjọba ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí ìbọn tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ wà lábẹ́ ìṣọ́. Ẹ ṣe mí rí i? Wọ́n ronú nípa ibi tí ìbọn á wà ní etí òkun. Ibi tó máa wà nínú ilé, onílé ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Onílé náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kí ṣakabùlà tó dún, ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé láti ẹnu, wọ́n á fi àkísà dí i, ọta á tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú ihò ẹ̀gbẹ́, ibi tí apátí á ti ṣáná sí i. Nǹkan mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pàdé: irin, ẹ̀tù, ọta, iná. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan. Ìbọn á wà lórí àjà tàbí lára ògiri, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Ẹ̀tù á wà nínú àdó tàbí ìwo, jìnnà sí ààrò. Ọta á wà nínú àpò ọdẹ.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Gbogbo agboolé ló mọ̀ pé Bàbá ní ìbọn, wọ́n sì mọ ibi tó wà. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ kì í ṣe pé ìbọn fara pamọ́. Pé wọ́n pín in sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àti pé ojú púpọ̀ ń ṣọ́ ọ.

Àmọ́ ká má tan ara wa, ewu wà níbẹ̀ náà. Ẹ̀tù tó bá ti wọ ikùn ṣakabùlà ò ṣeé yọ bọ̀rọ̀, yíyìn ló yá. Ọdẹ tó kì ìbọn tí kò pàdé ẹran, tí kò sì fẹ́ fi ẹ̀tù ṣòfò, á gbé e padà wálé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti ń wá. Ọmọ á gun àga, á sọ ìbọn bàbá rẹ̀ kalẹ̀, á kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ níbi eré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìròyìn yìí ti jáde nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí òwe fi ní kí á má béèrè bóyá apátí wà: ojú lásán ò lè rí ohun tó wà nínú ikùn ìbọn.

Nígbà tó yá, ìbọn fúnra rẹ̀ yí padà. Nínú ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà láti Èkó, èyí tí wọ́n ń kì láti ìdí. Ìró àwọn ìbọn ogun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Kírìjì. Ọta tuntun wá bá a wá, èyí tí à ń pè ní katiríìjì: ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná, gbogbo rẹ̀ nínú ìkarahun kan ṣoṣo. Ohun tí ọdẹ àtijọ́ pín káàkiri ilé ti wá di ẹyọ kan tó lè wọ àpò ṣòkòtò. Ṣakabùlà gba àkókò kó tó lè pa èèyàn. Double-barrel tí katiríìjì wà nínú rẹ̀ ò gbà ju kí ọmọ fi ìka fà á. A pààrọ̀ ìbọn, àmọ́ a ò pààrọ̀ àjà.

Òfin náà tún dé. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Àwọn kan wà bíi double-barrel tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló wà ní ìpele kẹta, wọ́n sì gbọ́dọ̀ forúkọ wọn sílẹ̀. Òfin náà ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ẹni tí kò ní ìwé kò ní gbé ìbọn kọ́ ara ògiri mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa tì í sí, tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Bí ìbọn ṣe kúrò lójú agboolé nìyẹn, tó di àṣírí ẹnì kan. Tí ẹni yẹn bá sì kú lójijì, àṣírí náà á kù sílé de àwọn ọmọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìfipamọ́ yìí ti di iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n ń ta tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹpẹ ìwé àti férémù dígí tó ní àyè ìkọ̀kọ̀ fún ìbọn. Ó rẹwà lójú, àlejò ò ní fura. Àmọ́ ṣé àlejò ni ìṣòro?

Ní 2001, àwọn oníṣègùn kan níbẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ọmọkùnrin 64, ọlọ́dún 8 sí 12, sí ọ̀wọ́ 29, wọ́n sì ń fi ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú yàrá kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbọn ìléwọ́ gidi kan wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é kó má lè yìn. Ọ̀wọ́ 21 rí ìbọn náà. Ọ̀wọ́ 16 gbé e. Nínú ọ̀wọ́ 10, ẹnì kan ó kéré tán fi ìka fà á. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé, nínú àwọn ọmọ tó fọwọ́ kan ìbọn yẹn, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó sọ pé wọ́n ti kọ́ àwọn rí nípa ewu ìbọn.

Ìwádìí mìíràn jáde ní 2006, láti Alabama. Nínú àwọn òbí tó búra pé ọmọ àwọn ò mọ ibi tí ìbọn wà, ìdá 39 nínú 100 ni ọmọ wọn sọ ohun tó yàtọ̀. Nínú àwọn tó ní ọmọ àwọn ò fọwọ́ kàn án rí, ìdá 22 ni ọmọ já wọn nírọ́. Òótọ́ ni pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Àmọ́ tó bá di ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ rí i.

Ṣé ká má kọ́ ọmọ mọ́ ni? Rárá o. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọdẹ ṣe ń kọ́ ọmọ. Kì í ṣe ìwàásù ọjọ́ kan. Ọmọ á tẹ̀ lé e lọ sóko, á gbé àpò, á kọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, á mọ ipasẹ̀ ẹran. Á kọ́ pé tí ojú bá ń dán lóru, kí á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ojú ẹran ni àbí ojú èèyàn. Ìyẹn náà wà nínú òfin mẹ́rin Cooper. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa kọjá kí ìbọn tó kan ọmọ náà, àgbà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kì í bá ọdẹ lọ, ẹ kọ́ ọ pé tó bá rí ìbọn, kó má fọwọ́ kàn án, kó kúrò níbẹ̀, kó lọ pe àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ìgbọràn rẹ̀.

Ìbọn ò ní kúrò nílé wa láìpẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló wọ inú rẹ̀, iyì ọdẹ sì tún gbéra sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó bá iyì yẹn rìn ò le: kí ìbọn má wọ ilé pẹ̀lú ọta nínú, kó wà nínú àpótí irin tí wọ́n tì pa, kí ọta wà níbòmíì tí wọ́n tún tì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹni tó ni ín. Ọgbọ́n ìpínyà àwọn baba wa náà ni, àgádágodo nìkan ló kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rán ọmọ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá àgbà ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, ẹ máa ń béèrè bóyá omi wà, bóyá iná wà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tún béèrè ọ̀kan sí i: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ti ìbọn yín pa?" Kì í ṣe àfojúdi. Ọdẹ tó mọ òwe apátí á mọ ìdí tí ẹ fi béèrè.