Ẹ̀kọ́ Ọmọdé Nínú Ilé àti Èdè Abínibí ní Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ ọmọdé nínú ilé ni gbogbo ọ̀nà tí òbí, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti ará ilé ń gbà fi èdè, ìrònú àti ìwà kọ́ ọmọ kí ó tó wọ ilé-ìwé. Ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tí èdè tí ó lé ní 500 wà, ẹ̀kọ́ yìí ni àgbà gbogbo ẹ̀kọ́, síbẹ̀ òun ni òfin rántí kẹ́yìn. Láti ọdún 1882 ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí èdè tí olùkọ́ yóò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Èdè tí ọmọ ti gbọ́ kí ó tó dé kíláàsì kò sí nínú àríyànjiyàn náà. Ilé ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ìtàn àwọn ètò tí ó ti wáyé láti ìgbà ìjọba Sókótó títí di òní fi hàn pé èyí tí ó bá mú ilé mọ́ra ni ó ń pẹ́. Èyí tí ó bá fo ilé dá a máa yí padà bí ìjọba bá ti ń yí ọkàn padà.

Àlọ́ àti eré ọ̀rọ̀

Kí ilé-ìwé tó dé, alẹ́ ni àkókò ẹ̀kọ́ ọmọdé ní ọ̀pọ̀ agbègbè. Tatsuniya ni àwọn Háúsá ń pe àlọ́ onítàn tí àwọn àgbà obìnrin máa ń pa fún ọmọdé. Apàlọ́ a kọ́kọ́ kéde pé ìtàn ti dé. Àwọn ọmọ a sì dáhùn pé kí ó máa bọ̀ kí àwọn gbọ́ ọ. Gizo, aláǹtakùn ẹlẹ́tàn, ni ó gba iwájú nínú ìtàn wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí ìjàpá ti gbà á láàárín àwọn Yorùbá. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò pẹ̀lú, ìjàpá ni, Mbe sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Háúsá ń pe àlọ́ àpamọ̀ ní kacici-kacici. Wọ́n tún ní gagara-gwari, ìyẹn gbólóhùn tí àwọn ìró inú rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n fi ń kọsẹ̀ bí ènìyàn bá sáré pè é.

Eré ni gbogbo èyí lójú ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Dídá apàlọ́ lóhùn ń kọ́ ọmọ ní ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó gbọ́. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọ láti rí ohun tí nǹkan méjì fi jọra. Gbólóhùn tí ń kọ́ ahọ́n lẹ́sẹ̀ ń kọ́ ọ láti ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nínú àwọn èdè olóhùn, ẹ̀kọ́ etí yìí ṣe kókó. Ní èdè Ìgbò, ákwá ni ẹkún, ákwà ni aṣọ, àkwá ni ẹyin, àkwà sì ni ibùsùn. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ohùn fún un; ìlò ni ó fi mọ̀ ọ́n.

Nana Asma'u àti àwọn 'Yan Taru

Sókótó, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ètò kan ti wáyé tí ó dìídì mú ẹ̀kọ́ wọ inú ilé. Nana Asma'u (1793–1864) ni ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ọmọ Shehu Usman dan Fodio ni, ó sì jẹ́ aya Gidado dan Laima, Wàsírì Sókótó. Ó ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Háúsá. Lẹ́yìn ogun ẹ̀sìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1804, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó wà lábẹ́ ìjọba titun náà jẹ́ ará oko tàbí ẹrú ogun tí Háúsá nìkan yé. Àwọn tí ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ nínú wọn kò lè fi ilé sílẹ̀ lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àlùfáà.

Asma'u kò dúró de kí wọ́n wá. Ó kọ́ àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní jaji, ó sì fi wọ́n ṣe olórí àwọn 'Yan Taru, ìyẹn àwọn tí ó kóra jọ. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti kọjá ọmọ bíbí àti àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ ni wọ́n máa ń bá jaji rìnrìn àjò lọ sí Sókótó láti ìlú àti abúlé. Bí wọ́n bá padà délé, wọn a kọ́ àwọn ìyá tí ó wà nínú àgbàlá ní ohun tí wọ́n kọ́ bọ̀. Asma'u fún jaji kọ̀ọ̀kan ní malfa, akẹtẹ̀ kan tí a fi aṣọ pupa wé, gẹ́gẹ́ bí àmì iṣẹ́. Ní Gobir, irú akẹtẹ̀ yìí ni àmì oyè Inna, olórí àwọn obìnrin elégùn bori. Asma'u gba àmì tí àwọn ènìyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún tẹ́lẹ̀, ó sì fi sí orí olùkọ́.

Ewì ni ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè há a sórí, kí ó sì máa kà á lórí bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ilé. Ohun tí ìyá bá ń kà lórí báyìí, ọmọ tí ó pọ̀n náà ń gbọ́ ọ. Kò sí ilé-ìwé tí ìjọba kọ́ fún ètò yìí, síbẹ̀ ó la ìṣèjọba amúnisìn já, àwọn obìnrin sì ń bá a lọ títí di òní.

Ilé-ìwé àti àkọtọ́

Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tí ó kan Èkó àti Gold Coast, so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ka èdè àwọn ọmọ sí. Ní Àríwá, ọ̀nà mìíràn ni Hans Vischer gbà nígbà tí ó dá ilé-ìwé ìjọba sílẹ̀ ní Nasarawa, Kano, ní ọdún 1909: Háúsá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí ó bẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò ní ọdún 1920 sí 1921, dábàá nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1922 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1925 tẹ̀lé àbá náà.

Àbá nìkan kò tó bí ìwé kò bá sí. Láàárín àwọn Ìgbò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí àkọtọ́ láti nǹkan bí ọdún 1929. Àwọn ìjọ Kátólíìkì gba àkọtọ́ titun tí ìjọba fọwọ́ sí, ìjọ CMS sì di ti àtijọ́ mú. Ìgbìmọ̀ Ọnwụ ni ó parí ìjà náà ní ọdún 1961. Fún nǹkan bí ọdún 30, ìyá tí ó kọ́ ìwé kíkà ní ìjọ kan lè ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ tí ó wá láti ìjọ kejì, kí ó sì rí i pé èdè òun náà ṣàjèjì lójú òun.

Ìwé fún àwọn èdè kéékèèké

Ní ọdún 1970, ètò méjì bẹ̀rẹ̀ tí ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ní Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Ford Foundation ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, iṣẹ́ yòókù sì yé wọn dáadáa.

Ìṣòro Ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, yàtọ̀: èdè rẹ̀ pọ̀, àwọn tí ó ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì pọ̀. Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, wà lára àwọn tí ó darí ètò ìwé kíkà ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tí ó ni èdè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jókòó sí ìgbìmọ̀ láti fẹnu kò lórí àkọtọ́, lẹ́yìn náà ni wọn a kọ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré tí kò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọmọdé ṣe jáde ní èdè àti ẹ̀ka èdè tí ó lé ní 15, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó ìrànwọ́ tán, kò sí èyí tí ó di ìṣe gbogbo orílẹ̀-èdè nínú ètò méjèèjì.

Jẹ́lé-ó-sinmi

Ìlànà Orílẹ̀-Èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́, tí ó jáde ní ọdún 1977, sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a máa fi kọ́ ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà gba àwọn aládàáni níyànjú láti dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń san owó fún, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni àwọn aládàáni ń tà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé a máa fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ni Yorùbá ń pe ilé-ẹ̀kọ́ yìí, kí ilé lè rí ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ ìdílé, èdè ilé náà bá a sinmi. Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀nba tí ó gbọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé sì dínkù di àṣẹ àti ìbáwí.

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ìgbà èwe mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé ìjọba ti fagi lé e, ó sì sọ pé àbájáde ìdánwò kò dára níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Ipò ilé lónìí

Pẹ̀lú ìpinnu yìí, ohun tí ilé-ìwé ti ń bá ilé pín gbé padà sí ọrùn ilé nìkan. Àwọn ìdílé tí bàbá àti ìyá ti wá láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ ní Àbújá, Èkó àti Port Harcourt. Ní Warri àti Sapele, Pijin ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ ń sọ. Síbẹ̀, ọmọ kékeré lè gba ju èdè kan lọ bí olúkúlùkù òbí bá ń fi èdè tí ó dá a lójú bá a sọ̀rọ̀ déédéé: kí a dárúkọ nǹkan bí a ti ń dáná, kí a béèrè ọ̀rọ̀ kí a sì dúró gbọ́ èsì, kí a pa àlọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú wọ oorun. Àwọn èdè ńlá ṣì ní rédíò, ìwé àti fíìmù láti gbára lé. Èdè tí kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, bí ìyá kò bá fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́, ìran kan péré ni ó kù fún un.