Ta Ló Ń Gé Koríko Náà?

Lọ́sẹ̀ yìí, koríko la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ń lo TikTok, ẹ ti rí irú fídíò yẹn: òyìnbó kan á gbé ẹ̀rọ dé iwájú ilé arúgbó ní Amẹ́ríkà, koríko á ti ga dé orúnkún, á gé e lófẹ̀ẹ́, ilẹ̀ á sì tẹ́ rẹrẹ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ní nǹkan bí oṣù kẹta, tí òtútù bá ń lọ, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Oṣù kẹta náà ni àkọ́rọ̀ òjò ń rọ̀ níbí, tí gbogbo ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gbẹ á tún máa yọ ọ̀mùnú.

Pápá Àjàó ni mò ń gbé, ní Mushin. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: pápá. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ilẹ̀ gbalasa tí koríko hù sí ni. Lónìí, bí ẹ bá ń wá koríko ní Pápá Àjàó, etí gọ́tà lẹ óò ti rí i, tàbí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣì ń jà sí ní kóòtù.

Àwọn baba wa kì í gbin koríko síwájú ilé. Àgbàlá tó mọ́, ilẹ̀ ṣíṣán ni, tí wọ́n ti fi ọwọ̀ gbá ní ìdájí títí ojú ọwọ̀ fi hàn lórí yẹ̀pẹ̀. Ó nídìí. Ejò ò ríbi sá pamọ́ sí lórí ilẹ̀ ṣíṣán, iná ọ̀gbẹlẹ̀ ò sì rí nǹkan jó dé ìdí ilé tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀rẹ̀ bò. Bí koríko bá hù dé ẹnu ọ̀nà, a jẹ́ pé kò sẹ́ni nílé mọ́ nìyẹn. Ahoro ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà náà gbá àgbàlá wọn ní ilẹ̀ ṣíṣán bẹ́ẹ̀ títí wọ ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni. Ọlọ́lá ló lè ní ilẹ̀ tí kò gbin oúnjẹ sí, kó tún máa sanwó fún àwọn tó ń fi dòjé gígùn gé e. Ní 1830 ni Edwin Beard Budding, ará agbègbè Stroud, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgékoríko. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá ojú aṣọ irun àgùntàn kó lè dán ló wò tó fi ronú kàn án. Díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní koríko iwájú ilé. Àwọn yẹn ló wá ṣèjọba lé wa lórí.

Èkó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1861. Ní 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti koríko sì di ọ̀rọ̀ ìjọba. Gómìnà William MacGregor, tó wà ní Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni. Ó ní kí wọ́n fa omi irà gbẹ, kí wọ́n pín kuiníìnì fún tọmọdé tàgbà. Kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ya òyìnbó sọ́tọ̀. Lugard ò rò bẹ́ẹ̀. Òfin ìlú jáde ní 1917, wọ́n ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, Lugard sì là á sílẹ̀ pé kí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí, tó fẹ̀ tó yáàdì 440, wà láàárín wọn àti àwa. Ó tó nǹkan bíi mítà 400. Wọ́n ní kí ẹ̀fọn tó ti jẹ wá má baà fò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Pápá, ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ló di ògiri yẹn.

Ṣùgbọ́n koríko ilẹ̀ wa kì í sinmi. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ńṣe ló ń hù. Ta ló ń gé e? Ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n á kó wọn jáde láàárọ̀, wọ́dà á tẹ̀lé wọn, wọ́n á lọ gé koríko ilé àwọn aláṣẹ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ti di Freedom Park láti 2010, koríko tútù sì wà níbẹ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ló tún kàn. O pẹ́ dé, koríko. O pariwo ní kíláàsì, koríko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba mọ langalanga: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́nu tí wọ́n sì pọ́n, tí ọwọ́ fi ń lé ròrò. Àwọn ológun wá fi tiwọn kún un. Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìníbàwí ní 1984, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìmọ́tótó òpin oṣù ti wá: ní àárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, o ò gbọ́dọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá. Ó di 2016 kí ìjọba Èkó tó fagi lé e.

Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ la ti kórìíra koríko. Ìyà la fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rówó kọ́lé lónìí, íńtálọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ ń bèèrè.

Nínú ọgbà tí mò ń gbé, ilẹ̀ kékeré kan ló ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè gbà lọ. Onílé fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí i kí òjò tó le. Ìdí tó sọ kò burú: ẹ̀fọn, ejò, ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni omi òjò ti ń rí ilẹ̀ wọ̀. Omi tí ilẹ̀ ò mu, gọ́tà ló ń lọ, gọ́tà tó kún fún náílọ́ọ̀nù á sì dá a padà sí pálọ̀.

Mo bẹ onílé, ó fún mi títí di oṣù keje. Mo ra kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Kì í ga púpọ̀, ńṣe ló ń rá lórí ilẹ̀, kò sì bẹ̀rù ìbòji. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ mú ilẹ̀ kí n tó gé e rárá. Bí mo bá sì máa gé e, kí n má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, torí ewé ló fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Kí ọ̀bẹ mú. Kí omi má sì sí lára rẹ̀.

Bàbá tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ bá mi níbi tí mo ti ń gbìn ín. Ó ní, “Ta ni yóò máa gé e?”

Mo ní, “Èmi ni, bàbá.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Kí lo ṣe?”